Gáàsì tí à ń fi pa kòkòrò àgbàdo: kí ló ń ṣe sí bakitéríà tó ń gbé inú kòkòrò náà?

ÀgbàdoÌlúÀbọ̀
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ láàárín àwa tí à ń tọ́jú àgbàdo ní agbègbè Àkúrẹ́, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dá sí i. Wọ́n ní kòkòrò dúdú tó ń lu àgbàdo yìí, èyí tó ní ẹnu gígùn bí ọwọ́-ìjà erin, kò dá gbé. Wọ́n ní bakitéríà kan ń bẹ nínú ara rẹ̀ tó ń bá a ṣe oúnjẹ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí a bá bo àpò tí a fi Phostoxin (tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń tú gáàsì sílẹ̀) sí i, ṣé bakitéríà yẹn ni gáàsì kọ́kọ́ ń pa, àbí kòkòrò gan-an? Àwọn kan tún ní kòkòrò tí gáàsì kò ràn mọ́ lóde òní, bakitéríà inú rẹ̀ ló ń gbà á sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Èyí tó kan owó wa jù: bí a bá rí ọ̀nà pa bakitéríà náà nìkan, ṣé kòkòrò yóò kú fúnra rẹ̀?

AwoKòkòrò
Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń gbé nínú ilé kí a tó sọ ohun tí gáàsì ń ṣe sí i.

Kòkòrò tí ẹ ń sọ ni Sitophilus zeamais. Ìbátan rẹ̀ tó wọ́pọ̀ lára ìrẹsì ni Sitophilus oryzae. Bakitéríà inú wọn ń jẹ́ Sodalis pierantonius. Kì í rìn gbéregbère nínú ìfun. Ara ìdin ti ya yàrá sọ́tọ̀ fún un, àwọn sẹ́ẹ̀lì ńláńlá tó ṣù jọ sí ibi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú ìfun. Kòkòrò náà tún ń ṣe èròjà kan, ColA ni wọ́n ń pè é, tí kì í jẹ́ kí bakitéríà yọ jáde nínú yàrá rẹ̀. Abo ní yàrá kejì ní ṣóńṣó ilé-ẹyin rẹ̀, ibẹ̀ sì ni bakitéríà ti ń wọ inú ẹyin. Ọmọ kì í he é lóde. Ìyá ló ń fi lé e lọ́wọ́ kó tó pa.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Inú hóró àgbàdo, sítáṣì ló pọ̀ jù, ohun tí a fi ń kọ́ ara kò tó nǹkan. Bakitéríà yìí ń ṣe àwọn amino acid (ohun tí ara fi ń ṣe purotéènì) àti fítámìn tí oúnjẹ yẹn kò ní. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni tyrosine àti phenylalanine, torí àwọn ni kòkòrò fi ń mú èèpo ara rẹ̀ le, tó fi ń dúdú. Ẹ wo kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú hóró: ó pọ́n, ó rọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn, bakitéríà inú rẹ̀ a pọ̀ gidigidi. Bí èèpo bá ti le tán, kòkòrò fúnra rẹ̀ a tú yàrá inú ìfun ká, a pa bakitéríà inú rẹ̀ run, a sì fi wọ́n ṣe oúnjẹ. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Ti ilé-ẹyin abo nìkan ló ń kù títí ayé rẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta yín wà nínú ìyẹn. Sitophilus oryzae tí wọ́n gba bakitéríà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í kú. Ìdin rẹ̀ a pẹ́ kó tó dàgbà, ara rẹ̀ a ṣì máa pọ́n, ẹyin rẹ̀ a dín kù, kò sì ní lè fò dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń jẹ àgbàdo. Kòkòrò tó ń ṣòjòjò lórí àpò yín kì í ṣe òkú kòkòrò.

OnígáàsìÒwọ̀
AwoKòkòrò ti là á. Ẹ jẹ́ kí n gba ti gáàsì.

Tábúlẹ́ẹ̀tì náà, aluminium phosphide ni. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kàn án, ó ń tú phosphine sílẹ̀. Ojú ibi tí phosphine ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ara kòkòrò ni mitokọ́ńdríà, ilé iṣẹ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì. Ó ń dí ìpele ìkẹyìn níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń lo ọ́síjìn, agbára a sì tán. Nítorí náà kòkòrò ni gáàsì dojú kọ. Bakitéríà kò ní mitokọ́ńdríà. Bí ilé bá wó, Sodalis kò ní ibòmíràn tó lè gbé.

Ọ̀nà kan náà yìí ló mú kí ẹyin àti ọmọ kòkòrò tó ń sùn nínú hóró (lẹ́yìn ìdin, kó tó yọ ìyẹ́) le jù láti pa: wọn kì í mí púpọ̀, gáàsì tí wọ́n ń gbà sínú kò pọ̀. Inú ẹyin yẹn gan-an ni bakitéríà tí ìyá fi lélẹ̀ wà. Bí gáàsì yín bá pa gbogbo èyí tó ń rìn tí ó sì fi ẹyin sílẹ̀, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Kòkòrò ń bọ̀, bakitéríà ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò sí èyí tó sọnù.

Ti DDVP (dichlorvos, oògùn kòkòrò olómi) yàtọ̀. Iṣan tó ń gbé ìròyìn káàkiri ara ló ń bà jẹ́. Bakitéríà kò ní irú iṣan bẹ́ẹ̀. Má tilẹ̀ fi í sórí oúnjẹ rárá: ní 2015 ni ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí rẹ̀.

TádéÀkúrẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bí bakitéríà ló ń mú èèpo rẹ̀ le, ṣé a kò lè fi tẹtirasáíkílìnì alápò pupa-àti-ìyeyè po iyẹ̀fun kí a fi wọ́n ọn?

AwoKòkòrò
Àbúrò, má ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ kó lọ dán an wò. Nínú yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ń fi oògùn bẹ́ẹ̀ bọ́ kòkòrò kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ tí bakitéríà ń ṣe. Ìdin Sitophilus wà nínú hóró tí ìyá rẹ̀ ti fi ohun bí oje dí lójú. Ìyẹ̀fun tí o wọ́n sí ẹ̀yìn hóró kò kàn án. Ẹni tí yóò kàn ni ẹni tó máa jẹ ògì. Ìgbà tí oògùn náà bá wọ ara ènìyàn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bakitéríà tó ń fa àìsàn a kọ́ bí a ti ń là á já, ọjọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn ní tòótọ́, oògùn kò ní ràn án.

KókóÌdànrè
Ìbéèrè kejì ẹ̀gbọ́n kò tíì gba ìdáhùn, pé bakitéríà ló ń gba kòkòrò lọ́wọ́ gáàsì. Ní ti kókó, ọ̀kan wà tó dà bíi pé ó fara mọ́ ọn: Lasioderma serricorne, kòkòrò roboto pupa rúsúrúsú tó ń wọ kókó gbígbẹ àti tábà. Tirẹ̀ kì í ṣe bakitéríà, ìwúkàrà ni, Symbiotaphrina kochii. Ìyá ń fi í pa ara ẹyin, ọmọ tó bá fẹ́ jáde a jẹ lára èèpo ẹyin, ìwúkàrà a sì wọ inú rẹ̀. Ìwúkàrà yìí mọ bí a ti ń tú májèlé ewéko ká, àwọn oògùn kòkòrò kan pẹ̀lú. Ṣé bó ṣe rí pẹ̀lú phosphine náà nìyẹn?

AwoKòkòrò
Ìbéèrè gidi nìyí. Ìwúkàrà Lasioderma lè tú májèlé tó jẹ́ mọ́lékù ńlá ká, èyí tó ní oríkèé tí ẹ́ńsáìmù lè gé. Phosphine kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́sífọ́ọ̀sì kan àti háídrójìn mẹ́ta péré. Ọ̀nà tí kòkòrò fi ń là á já yàtọ̀.

Ẹ̀rí wà tí ẹnikẹ́ni lè fi ọgbọ́n tẹ̀ lé. Ohun tí bakitéríà inú Sitophilus bá fúnni, ìyá nìkan ló lè fi í fún ọmọ, torí inú ẹyin ló ń gbà. Nígbà tí wọ́n mú kòkòrò tó le sí phosphine, Tribolium castaneum àti Rhyzopertha dominica, tí wọ́n fi akọ wọn gun abo tí kò le, ogún náà gba ọwọ́ bàbá kọjá bó ṣe ń gba ọwọ́ ìyá. Ní 2012 ni wọ́n fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn apilẹ̀ (àmì àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tó ń fún wọn ní agbára yìí, tí wọ́n ń pè ní rph2, wà lórí ẹ́ńsáìmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dihydrolipoamide dehydrogenase, ohun èlò inú mitokọ́ńdríà kòkòrò fúnra rẹ̀. Kò sí ọwọ́ bakitéríà níbẹ̀.

Apilẹ̀ yẹn a máa fara pamọ́: ọmọ tó gba ọ̀kan lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ṣì ń kú bí gáàsì bá tó. Ọmọ tó gba méjì ni ewu. Ẹni tó ń fi gáàsì díẹ̀ sí abẹ́ tapólì tó lu ń pa àwọn aláìlera, ó ń fi àwọn alágbára sílẹ̀ láti gun ara wọn. Ibi tí ìṣòro yìí ti ń wá nìyẹn.

ÀgbàdoÌlúÀbọ̀
Ẹ ṣé gan-an. Ó ti wá yé mi. Ẹ wá sọ bí a ó ṣe ṣe é tí ẹyin náà kò fi ní yè. Àpò 100 ni, kílò 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí kọnkéré.

OnígáàsìÒwọ̀
Kí n tó sọ ohunkóhun: ẹni tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó ní ìbòjú gáàsì àti ẹ̀rọ tó ń wọn phosphine, ni kó ṣe é. Ilé ìtọ́jú tó fara kan yàrá tí ènìyàn ń sùn, kò sí gáàsì níbẹ̀. Ògiri bíríkì àti àjà kò dá phosphine dúró. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé imú, torí òórùn bí ti ááyù tí à ń gbọ́ lè pòórá kí gáàsì tó tán. Ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ lè wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.3 ppm lọ (ppm ni ìpín gáàsì nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́).

Ó wá kan ìṣirò. Àpò 100 jẹ́ tọ́ọ̀nù 10. Tábúlẹ́ẹ̀tì gíráàmù 3 ń tú gáàsì gíráàmù 1 sílẹ̀. Bí a bá lo mẹ́ta fún tọ́ọ̀nù kan, 30 ni yóò jẹ́, gáàsì gíráàmù 30. Ìtò àpò náà gba nǹkan bíi mítà kúbíìkì 16. Gíráàmù kan nínú mítà kúbíìkì kan jẹ́ nǹkan bíi 700 ppm ní ojú ọjọ́ tiwa, nítorí náà bí tapólì bá dì dáadáa, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ lókè 1,000. Ẹ ka ìwé ara agolo tiyín, ohun tó bá kọ ni àṣẹ.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ló ń pa ẹyin. Ohun tí ẹ fẹ́ ni kí ó má lọ sílẹ̀ ju 300 ppm fún ọjọ́ 7, tàbí 200 ppm fún ọjọ́ 10. Ìdí rẹ̀ nìyí: nínú ọjọ́ méje yẹn, ẹyin tó le ń di ìdin. Ìdin ń mí dáadáa, gáàsì a bá a níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn kan ń lò kò fún ẹyin láyè láti dé ibi tí a ó ti pa á. Fífi tábúlẹ́ẹ̀tì ìlọ́po méjì sí i kò sì lè rọ́pò ọjọ́: bí gáàsì bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, kòkòrò a dákú, mímí rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, kò ní fa gáàsì tó yẹ sínú.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ìsàlẹ̀ tapólì. Kí tapólì sùn sórí kọnkéré tó mítà kan ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rọ iyanrìn sí, gígùn rẹ̀ mítà kan, kún un tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin (bó bá kún jù kò ní tẹ́ mọ́lẹ̀), kí ẹ tò ó ní ìlà méjì, kí ìlà kejì bo ojú ibi tí ti àkọ́kọ́ ti pàdé. Òkúta àti igi kò ṣe é lò, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ wọn. Bí kọnkéré bá lanu, ẹ kọ́kọ́ fi sìmẹ́ńtì dí i. Ẹ tò àpò sórí pákó kí gáàsì lè gba ìsàlẹ̀ wọlé.

Ẹ tẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì sórí páálí, kí ọ̀kan má kan èkejì, kí omi má kán sí i. Tí wọ́n bá ṣù jọ tí omi kàn wọ́n, gáàsì a jáde pọ̀ lójijì, bó bá ju 1.8% nínú afẹ́fẹ́ ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ yọ wáyà bàbà àti ẹ̀rọ kúrò nítòsí, phosphine ń jẹ bàbà.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ẹ ṣí igun méjì tó dojú kọra, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, wákàtí 24 ó kéré tán, kí ẹ̀rọ sì jẹ́rìí kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

ÌyáẸlẹ́wàỌjàỌba
Ẹ kú ọgbọ́n o. Ti ẹ̀wà ńkọ́? Ṣé kòkòrò ẹ̀wà náà ní bakitéríà tó ń mú èèpo rẹ̀ le?

AwoKòkòrò
Ẹ káàsán, ìyá wa. Kòkòrò ẹ̀wà, Callosobruchus maculatus, kò kọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ sínú ara. Inú ẹ̀wà ní purotéènì tó pọ̀ ju ti àgbàdo lọ, bí ẹni tó ní ẹran lórí ata kò ṣe ń wá ẹran kiri. Ohun tó wà nínú ìfun rẹ̀, bakitéríà lásán ni.

Ìròyìn ayọ̀ ni fún yín, torí ẹ̀wà kò nílò gáàsì bó bá jẹ́ díẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ̀wà sórí ọ̀rá dúdú, kó tín-ín-rín, ẹ fi ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bò ó, ẹ fi òkúta ká etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ooru abẹ́ rẹ̀ bá dé 57°C fún wákàtí kan, ẹyin, ìdin àti àgbà ló kú pátápátá. Ẹ fi tẹmómítà sínú ẹ̀wà gan-an, kì í ṣe sórí ọ̀rá. Lẹ́yìn náà kó tutù kí ẹ tó rọ ọ́ sínú àpò, bó bá gbóná wọ àpò, ó máa làágùn.

TádéÀkúrẹ́
Ooru yẹn ńkọ́ fún àgbàdo? Mo gbọ́ pé ooru ń pa bakitéríà inú kòkòrò.

AwoKòkòrò
Ó ń pa á. Bí wọ́n bá ń sin Sitophilus oryzae ní 35°C nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin gidi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bakitéríà á lọ, kòkòrò á kù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú yàrá ìwádìí nìyẹn, ọgbọ́n ìpamọ́ kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bakitéríà ti wúlò fún wa gan-an ni gbígbẹ. Ẹ wo Oryzaephilus surinamensis, kòkòrò pẹlẹbẹ tó ní eyín bí ayùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Òun náà ní bakitéríà tó ń fún un ní ohun tó fi ń kọ́ èèpo. Nígbà tí wọ́n gba bakitéríà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, èèpo rẹ̀ tín-ín-rín, omi ara rẹ̀ sì ń yára gbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ. Kódà glyphosate, oògùn igbó yẹn, a máa dí iṣẹ́ bakitéríà náà, torí ọ̀nà kan náà ni ewéko àti bakitéríà fi ń ṣe tyrosine. (Tádé, mo ti mọ ohun tó fẹ́ wá sí ọ lọ́kàn. Rárá. Oògùn igbó kì í wọ ibi tí oúnjẹ wà.)

Nítorí náà èèpo ni odi kòkòrò, omi sì ni ohun tí odi náà ń ṣọ́. Àgbàdo tí omi rẹ̀ dín sí 12 tàbí 13% ń fìyà jẹ kòkòrò ju èyí tó wà ní 16% lọ. Ìyẹ̀fun diatomite (òkúta rírọ̀ tí wọ́n lọ̀), bí NSPRIDUST tí NSPRI, ilé ìwádìí ìjọba lórí ìpamọ́ irè oko ní Ìlọrin, ń ṣe, ń fa ọ̀rá tó wà lórí èèpo kúrò, kòkòrò a gbẹ. Àpò PICS onípele mẹ́ta náà, tí afẹ́fẹ́ kì í rọrùn láti wọ̀, kòkòrò inú rẹ̀ ń lo ọ́síjìn tán, kò lè ṣe omi láti inú oúnjẹ mọ́, a gbẹ kú. Àwọn olùwádìí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, ti dán kànáfùrù, ìyèré àti orin àta wò náà. Wọ́n ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n àgbàdo ìdílé ni wọ́n bá mu, kì í ṣe tọ́ọ̀nù 10.

KókóÌdànrè
Àgbàdo àkọ́gbà tí à ń kórè ní oṣù keje sí ìkẹjọ níbí kì í gbẹ bọ̀rọ̀, òjò kò jẹ́. Ṣé gáàsì yóò gbà á lọ́wọ́ bíbu?

OnígáàsìÒwọ̀
Kò ní gbà á. Ní abẹ́ tapólì, gáàsì lè fa bíbu sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa irúgbìn olú wẹ́wẹ́ tó ń fà á. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i, ó ń tẹ̀ síwájú. Aflatoxin, májèlé tí bíbu ń ṣe, tó ti wà nínú rẹ̀ kò sì lọ síbì kan. Àgbàdo tó ju 14% lọ, ẹ kọ́kọ́ gbẹ ẹ́.

ÀgbàdoÌlúÀbọ̀
Mo dúpẹ́. Ó ku méjì: báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé ẹyin kú, kí ni ká sì ṣe sí eérú tábúlẹ́ẹ̀tì?

OnígáàsìÒwọ̀
Ẹ bu kílò kan láti inú àpò márùn-ún, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí ẹ ṣí tapólì. Bí kòkòrò tó ń rìn bá wà lọ́jọ́ yẹn, gáàsì kò tó, tàbí kòkòrò náà ti le sí i. Ẹ pa àwọn kílò yẹn mọ́ sínú ìgò tí ẹ fi aṣọ dí lẹ́nu, ẹ fi déètì sí i, ẹ tún un sẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí ẹyin Sitophilus ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó di àgbà ní ooru tiwa. Bí ẹ bá rí kòkòrò nínú ìgò nígbà náà, ẹyin tàbí ọmọ tó ń sùn ló yè. Bí ìgò bá mọ́ ṣùgbọ́n kòkòrò wà nínú àpò, wọ́n wọlé láti ìta ni, inú ilé ìtọ́jú àti àpò àlòkù ni kí ẹ wò.

Ti eérú: ìta gbangba, ìbòjú lójú. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi nínú garawa, kí ẹ máa da eérú sínú omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Ẹ má da omi lé eérú lórí. Ẹ má bo garawa. Bí kò bá hó mọ́, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ìdajì mítà níbi tó jìnnà sí kànga, kí ẹ dà á síbẹ̀, kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó.